Èmi Alágbàfọ̀ Tábìlì Sínúkà

Bí ẹ bá wá kí mi nílé ní Ṣàgámù, tí ẹ rí i pé mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì oúnjẹ kí n tó jókòó, ẹ má wo ara yín lójú. Orí mi kò dàrú. Iṣẹ́ ló fi í sí mi lára. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wà nídìí sínúkà, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti bọ́ọ̀lù kéékèèké sínú ihò lórí tábìlì ńlá tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò. Mo kọ́ ọ, mo gbá a, ó gbé mi dé ìlú tí bàbá mi kò dé rí. Mo sì dé ọjọ́ kan tí mo ní láti yàn: ṣé kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi rìn kiri ìlú ni, àbí kí n padà wálé? Ìyẹn gan-an lẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí jù. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó tó àsìkò láti fi í sílẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀. Ìtàn náà gùn díẹ̀, àmọ́ ó dùn.

Ìdílé olóbì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ra obì ní àwọn abúlé tó yí Ìkẹ́nnẹ́ ká, ó ń tà á fún àwọn Hausa ní Sábó. Ìyá mi ló ń ṣà á. Láti ìgbà tí mo ti lè jókòó ni mo ti ń bá ìyá mi bó obì, tí mo ń fi ọwọ́ yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Ojú kì í tètè rí ihò kòkòrò lára obì. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gbé mi débi tí mo dé. Gbogbo ilé ti gbà pé olóbì ni èmi Sùlè yóò ṣe, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kí n gbé obì lọ fún ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kílọ́ọ̀bù kan ní Mákun, nínú Ṣàgámù.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni. Mo wọ inú gbọ̀ngán, mo rí ọkùnrin gíga kan, tínrín, tó ń lọ tábìlì. Kì í ṣe pé ó tẹ́ ṣòkòtò sórí tábìlì tó ń lọ̀ ọ́ o. Tábìlì fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀! Ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú rìn lórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè bí ẹni ń lọ agbádá ọba. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, sọ apẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀, wá fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án.

"Aṣọ yìí nírun. Irun rẹ̀ sùn síbo?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ, mo pa á bọ̀. Ní ìlọ, ó dán. Ní àbọ̀, ó ń ta mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Ó sùn sápá fèrèsé yẹn, sà."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ni bàbá ẹ?"

"Olóbì ni wọ́n, sà."

"Abájọ," ló wí. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Ṣótúndé nìyẹn. Iye tí wọ́n ń san fún mi kò tó nǹkan tí ènìyàn ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Nílé, ìyá mi káwọ́ lérí. "Uṣẹ́ kí lèyí?" Bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń pe iṣẹ́ nìyẹn. "Kí ọkùnrin tó ń hu irùngbọ̀n máa gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì?" Bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ń di ewé mọ́ apẹ̀rẹ̀ obì lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ọmọ Ìperu ni Ọ̀gá Ṣótúndé. Òkè Ọya ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí òyìnbó ṣì wà níbẹ̀. Máákà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ẹni tó ń tọ́jú tábìlì, tó ń ka àmì, tó ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, tó sì ń bá ẹni tí kò rẹ́nì kejì gbá. Ó le bí ojú ẹja. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀pá. Búrọ́ọ̀ṣì, áyọ́ọ̀nù, fífọ bọ́ọ̀lù nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iṣẹ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá dé láàárọ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i, yóò ní, "Èmi kọ́ ni kí o kọ́kọ́ kí. Kí ọ̀gá ẹ." Tábìlì ló ń sọ.

Bí a ṣe ń kí tábìlì ni kí n dúró ní ìsàlẹ̀, kí n rọra yí bọ́ọ̀lù funfun lọ sókè gba àárín gbùngbùn. Yóò lu ìgbátí òkè, yóò sì padà wálẹ̀. Ọ̀gá mi á ní, "Bí tábìlì bá gún, bọ́ọ̀lù á padà sọ́wọ́ ẹni tó rán an. Bó bá yà, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ti rì." Bó bá sì ti yà, abẹ́ tábìlì yá. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni tábìlì sínúkà ní, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní irin tí a ń yí láti gbé e sókè tàbí láti sọ ọ́ kalẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ aṣọ náà, ó wúwo ju mótò kékeré lọ. Mo mọ abẹ́ tábìlì yẹn ju abẹ́ ibùsùn mi lọ.

Òfin rẹ̀ kejì ni ti áyọ́ọ̀nù. Kó tó kan aṣọ tábìlì, ó gbọ́dọ̀ kan ìwé ìròyìn ná. "Bí ìwé bá pọ́n, aṣọ á jó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ tó bá gbóná." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ lánàá.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń le mọ́. Lọ́jọ́ kan, lọ́yà kan tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù fìdí lé etí tábìlì, ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, ó ní, "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ní kóòtù, ṣé orí tábìlì adájọ́ lẹ máa ń jókòó sí?" Ọkùnrin náà fò sílẹ̀ bí ẹni tí èèrà jẹ. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń kí tábìlì kó tó kí ọ̀gá mi.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó kàn na ọ̀pá sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n wò, mo gbá a. Ọ̀pá yọ̀, bọ́ọ̀lù funfun fò kúrò lórí tábìlì, ó yí lọ sábẹ́ àga ẹnì kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín ọ̀gá mi nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ irun aṣọ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò yà sí kó tó yà. Láàárín ọdún méjì, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó lè nà mí mọ́. Ní ọdún kẹta, mo na Ọ̀gá Ṣótúndé. Ó dé fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó jáde lọ ra àkàrà gbígbóná fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. N kò tíì jẹ àkàrà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó fi ń ṣa àwọn tí yóò máa gbá sínúkà láti kílọ́ọ̀bù dé kílọ́ọ̀bù káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwa mẹ́rin ni wọ́n mú, wọ́n fún wa ní bọ́ọ̀sì kan àti dẹ́rẹ́bà. Háà, ayé dùn! Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tí òtútù ti mú ọwọ́ mi gbọ̀n tí wọ́n fi gbé tíì fún mi kí n fi yá a. Àwọn ọlọ́lá á dìde pàtẹ́wọ́ fún èmi ọmọ olóbì. Ọ̀rẹ́ mi jù nínú bọ́ọ̀sì ni Fẹ́líksì, ọmọ Wárì, tó kọ́ Yorùbá ní Èkó, tó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń ná ọjà. Kò sí ìlú tí a dé tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù, màá ti yọ bàtà, màá ti máa fọwọ́ pa tábìlì onítábìlì, màá sì béèrè áyọ́ọ̀nù. Àárín ìrìn yẹn ni mo fẹ́ Ràṣídátù, olùkọ́ ní Ìlárá, tí a sì bí Ṣàkírù.

Ẹ wá gbọ́ ìjàǹbá. Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Ìdíje ńlá ni, gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Àwọn onílé gbé áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná tuntun fún mi, ó ń dán, ó ní bọ́tìnnì tí a ń yí. Ti eléèédú ni mo mọ̀. Mo máa ń gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, màá sì ti mọ bó ṣe gbóná tó. Èyí kò rùn, kò rú èéfín, mo ní kò tíì gbóná nìyẹn. Ìwé ìròyìn wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ojú ti pọ̀ jù lára mi. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá ń fi ìwé dán an wò, wọn yóò ní ọmọ iṣẹ́ ni mí. Mo gbé e lé aṣọ.

Mo gbọ́ tó dún ṣàá. Nígbà tí mo fi máa gbé e, àwòrán áyọ́ọ̀nù ti wà lórí tábìlì, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítòsí ibi tí bọ́ọ̀lù dúdú máa ń jókòó. Omi bọ́ lójú mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Kò sí aṣọ mìíràn, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbá a. Mo dé ìpele tó kẹ́yìn, èmi àti ọmọ Ìbàdàn kan, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló kù. Mo gbá a, ó ń lọ sí ihò tààrà, àmọ́ ó gba orí àpá jíjó yẹn kọjá, ó yà, ó sì dúró lẹ́nu ihò. Ọmọ Ìbàdàn fi ìka kan tì í wọlé, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fẹ́líksì mi orí, ó ní, "Sùlè, o fọṣọ, o lọṣọ, o sì jó aṣọ oníbàárà. Alágbàfọ̀ ni ẹ́!" Ọ̀rọ̀ náà gba gbọ̀ngán kan, ẹ̀rín sọ, àní èmi náà rín in. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi títí dòní. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, mo rò pé yóò bú mi. Ohun tó bi mí ni, "Ìwé ìròyìn kò sí ní Ìbàdàn?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí ju ẹgba lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ wa kéde pé àwọn yóò mú ẹni méjì lọ gbá ní Gánà. Èmi àti Fẹ́líksì ni wọ́n pè. Bọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ gbé wa lọ sí Kàdúná fún ìdíje kan, àtibẹ̀ ni a ó ti múra Gánà, ẹni tí kò bá sì wá sí Kàdúná, wọn yóò fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ní kílọ́ọ̀bù Mákun láàárọ̀ ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì yóò yà wá gbé mi. Ayọ̀ yẹ kó kún inú mi. Ó kún un, àmọ́ kò kún dẹ́nu. Bí mo bá na ènìyàn báyìí, kí n tó dé inú bọ́ọ̀sì, mo ti gbàgbé ẹni tí mo nà.

Ní àkókò yẹn náà ni ojú Ọ̀gá Ṣótúndé ń ṣókùnkùn. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, àmọ́ kì í dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Òjò ọdún náà sì ti mú kí ilẹ̀ gbọ̀ngán rì níhà kan, tábìlì ti wọ́, bọ́ọ̀lù ń ṣàn lọ síbi tó wù ú. Àwọn ìgbìmọ̀ ní bí kò bá sí ẹni tó lè tún un ṣe kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀.

Mo bi ìyàwó mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣẹ́gun. Mo ní, "Ìyá Ṣàkírù, kí ni kí n ṣe?"

Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Ṣàkírù, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bẹ́ ẹ bá ti dé láti ìrìn àjò, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi?"

"Kí ni?"

"Ẹ kì í sọ ẹni tẹ́ ẹ nà. Tábìlì lẹ máa ń sọ. 'Tábìlì Ìlọrin gún. Ti Kàdúná ti gbó, wọn ò mọ̀ ọ́n tọ́jú.' Ọdún mélòó la ti ń bọ̀, ẹ ò sọ orúkọ ẹnì kan tẹ́ ẹ nà fún mi rí."

Inú bí mi, torí òótọ́ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n sùn.

Láàárọ̀, mo gbé àpótí mi dé kílọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. "Sùlè, o fẹ́ lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo wá dágbére. Ó ní, "Kí ọ̀gá ẹ kí o tó lọ."

Mo yí bọ́ọ̀lù. Áà! Kò tilẹ̀ dé òkè tó fi yà bàrá, ó wọ ihò ẹ̀gbẹ́. Ó dùn mí bí ẹni rí ẹbí rẹ̀ tó ń tiro. Mo ní kí n kàn wo ẹsẹ̀ kan péré. Mo bọ́ agbádá mi, mo mú irin gígùn tí omi wà nínú gíláàsì rẹ̀, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, mo wọ abẹ́ tábìlì.

Mo wà lórí ẹsẹ̀ kẹta nígbà tí mo gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì. Fẹ́líksì wọlé. "Alágbàfọ̀! A ti dé o!"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Fèrè tún dún. Mo wà lórí ẹsẹ̀ karùn-ún. Fẹ́líksì tún dé. "Alágbàfọ̀, dẹ́rẹ́bà ń bínú o."

"Mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ yìí ló le."

Nígbà kẹta, kò pariwo. Mo rí orúnkún rẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí ojú rẹ̀. Ó wò mí níbi tí mo nà gbalaja sí, tí eruku bò mí lójú, tí òógùn ń ṣẹ̀, tí mo sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Èmi alára kò mọ̀ pé mò ń kọrin. Ó ní, "Sùlè, ọdún mélòó la ti jọ ń rìn? Mi ò gbọ́ kí o kọrin rí."

Ó na ọwọ́, a bọ ara wa lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, ó sì jáde. Mo gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe lọ. Mo retí kí ọkàn mi já. Kò já. Irin ẹsẹ̀ kẹfà ni mo ń wá.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Fẹ́líksì ti gbé àpótí mi, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà yà sílé wa kó lọ fi jíṣẹ́. Ràṣídátù rí i pé àpótí dé láìsí ẹni tó ni ín, ó figbe ta. Kó tó gbọ́ àlàyé tán, ó ti ń sáré bọ̀ ní Mákun pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Ó bá ẹsẹ̀ mi tó yọ síta lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá Ṣàkírù, ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò lọ mọ́?"

"Mi ò lọ mọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ibi tí mo wà, mo gbé orí sókè, mo fi gbá òkúta. Kókó rẹ̀ ṣì wà níbí títí dòní.

Tábìlì kò kúrò ní Mákun. Mo di máákà níbẹ̀, àwọn kílọ́ọ̀bù láti Ìjẹ̀bú dé Ìlọrin sì ń ránṣẹ́ pè mí láti wá tún tiwọn ṣe, títí ẹ̀yìn mi fi ní òun ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Fẹ́líksì lọ sí Gánà, ó ṣe ipò kejì, ó dé wá sọ fún mi pé tábìlì wọn kò gún. Nísinsìnyí, tábìlì kéékèèké tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbá lẹ́bàá títì ní Sábó, bí mo bá ń kọjá, màá dúró, màá wá òkúta fi ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀.

Ẹ ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ń lọ ṣe nígbà tí ẹ kò rán an níṣẹ́. N kò ní ìmọ̀ràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mú un lọ sínú bọ́ọ̀sì, kó wọ̀ ọ́, kó má bojú wẹ̀yìn.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun kan nípa ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo yí ẹsẹ̀ kẹjọ tán, tí mo jáde, tí Ràṣídátù ń gbọn eruku lára mi, Ọ̀gá Ṣótúndé dìde. Ó fọwọ́ tọ etí tábìlì dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n fún òun ní bọ́ọ̀lù. Ó rọra yí i lọ sókè. Kò rí i. Ó kàn ya àtẹ́lẹwọ́ sórí aṣọ, ó ń dúró. A gbọ́ tí bọ́ọ̀lù lu ìgbátí òkè, a wò ó bó ṣe ń yí bọ̀ jẹ́jẹ́ ní àárín gbùngbùn, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, títí ó fi wọ inú ọwọ́ rẹ̀.

Ó pa ọwọ́ dé. Ó ní, "Sùlè, káàbọ̀."